Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Rẹ

Abúlé Bamgol,
ìgbà tí a ń rẹ kábéèjì sínú iyọ̀.

Eun-sol, ọmọ mi,

Ṣé ilẹ̀ ń mọ́ bá ọ dáadáa ní Seoul? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun tó ń gbé inú ró, àbí núdù inú ike yẹn náà lo ṣì ń da omi gbígbóná lé lórí? Láàárọ̀ yìí, kí n tó mú bírò, mo gbé àwo omi tútù síwájú àwọn ìkòkò ọbẹ̀ sóyà lẹ́yìnkùlé bí mo ṣe máa ń ṣe, mo fọwọ́ pa ọwọ́, mo bẹ Ọ̀run pé kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ọ débi ẹkún, kí ojú ọ̀gá rẹ fo àṣìṣe rẹ, kí ọkọ̀ tó ń gbé ọ gba abẹ́ ilẹ̀ lọ má sì gbàgbé ọ̀nà òkè lọ́jọ́ kan. Omi náà ti fẹ́ máa dì nítorí òtútù ti dé, ṣùgbọ́n àdúrà ti gòkè lọ kó tó dì.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, n kò fi fóònù ránṣẹ́. Èmi àti fóònù yẹn jà, a ò sì tíì parí ìjà náà. Ìdí rẹ̀ á yé ọ tó bá yá. Bá mi kí béárì funfun inú àwòrán tó máa ń tẹríba fún mi nígbàkigbà tó o bá kọ̀wé sí mi lórí fóònù. Ó lẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀, kò rẹ̀ ẹ́ rí láti máa kí àgbà. Ìyá àgbà Bong-nyeo tí a jọ ń ṣeré káàdì ní àwọn gbà pé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ ló wà nínú ẹ̀wù béárì yẹn. Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ òun ni, kó bọ́ ẹ̀wù náà lọ́jọ́ kan ká rí ojú ẹ̀, ká sì mọ ilé tó ti wá.

Ilé dáa. A ti gbin ààyù, a ti bó èso gam, a sì ti so wọ́n rọ̀ sábẹ́ òrùlé kí atẹ́gùn máa gbẹ wọ́n. Ajá ti bímọ, a ò mọ bàbá wọn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló jọ ajá Deok-man ọ̀ọ́kán, Deok-man sì ní ajá òun ò jáde nílé.

Ìkòkò ìrẹsì oníná tó gba ọ̀nà wá dípò rẹ nígbà àjọ̀dún ìkórè Chuseok, mo ti fà á yọ lára iná. Kì í ṣe pé kò dáa o. Ẹnu rẹ̀ ló pọ̀. Bí ìrẹsì bá ti jinná, obìnrin inú rẹ̀ á pariwo pé ìrẹsì ti délẹ̀, kí n ro ó pọ̀ dáadáa, bí ẹni pé èmi tí mo ti ń se ìrẹsì kí wọ́n tó bí ìyá ẹ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ń ro ìrẹsì pọ̀. Ìyẹn ṣì kéré. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ pé ó jinná ni bàbá rẹ máa ń dá a lóhùn láti orí ẹní pé, “Ìrẹsì ò tíì jóná.” Òun á tún sọ tiẹ̀, bàbá rẹ á tún sọ tiwọn. Ẹni tó bá ń kọjá lójúde á rò pé bàbá rẹ ti fẹ́ ìyàwó kékeré, pé èmi ti di ìyáálé lọ́jọ́ alẹ́ mi. Mo bá padà sídìí ìkòkò irin ńlá wa tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí àìsàn yẹn ti gbé bàbá rẹ ṣubú nínú oko ata, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn. Ẹni tó ṣe olórí abúlé títí irun fi funfun, tó ń fi sípíkà jí gbogbo ilé láràárọ̀ débi pé àwọn àkùkọ ń dúró dè wọ́n kí wọ́n tó kọ. Dókítà ní wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń sọ, wọ́n sì mọ gbogbo wa. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló dí, èyí tó ti mọ́ ẹnu lára jù lọ nìkan ló ń rí àyè yọ. Mo dúpẹ́ pé kò jẹ́ èébú ló mọ́ wọn lẹ́nu. Bàbá Deok-man ńkọ́? Ká ní irú àìsàn yìí ló mú un kó tó kú ni, ta ni ì bá lè bẹ̀ ẹ́ wò?

O ní nínú àká tí ẹ ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn sí lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, ihò kan wà tó ń béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá. Jẹ́ kí n sọ ti èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o ti gbọ́ ọ títí ó ti sú ọ. A ò tíì bí ọ nígbà náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ di olórí abúlé ni, inú ilé wa ni máìkì wà, ògiri kan péré ló wà láàárín òun àti ilé ìdáná. Bàbá rẹ ń ka ìkéde nípa oògùn eku, wọ́n ń kà á bí òfin ìlú, kò sì fẹ́ parí. Ìrẹsì wà lórí iná, ebi ń pa mí, mo bá kígbe láti ilé ìdáná pé ṣé wọn ò ní wá jẹun ni, ṣé kí n dúró kó jóná. Wọ́n rò pé àwọn ti pa máìkì. Wọ́n fi ohùn ọkọ ìyàwó dá mi lóhùn pé, “Ìrẹsì ò tíì jóná.” Gbogbo abúlé ló gbọ́ o! Àwọn tó wà lóko jókòó sílẹ̀ rẹ́rìn-ín. N kò lè lọ sídìí kànga fún ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà, bí bàbá rẹ bá ṣe ìkéde tí wọn ò fi ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn àgbà á ní ìkéde ò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n fi kéde oògùn eku, wọ́n fi kéde ìgbéyàwó. Lọ́dún tí odò kún tí gbogbo wa ní láti sá gòkè lọ sí ilé ìwé, òun náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ara wa sì balẹ̀, a di ẹrù wa láìsáré.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ àká yín wá kàn báyìí. O kọ̀wé pé iṣẹ́ rẹ ni kí ẹ máa kó ọ̀rọ̀ tí a mọ èèyàn mọ́ jọ, ti àwọn aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, ti olóṣèlú, ti ọlọ́jà, kí ẹ máa tò wọ́n sínú àká kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà. O ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ihò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gan-an, ẹni tó ni ín, ibi tó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀, bí wọ́n ṣe lè sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì àti lédè àwọn ará Japan, pé ẹnìkan á sì yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fún un ní ipò kìn-ín-ní tàbí ipò kejì. O ní kí n bá ọ wá ti abúlé wa, pàápàá jù lọ ti bàbá rẹ. Nítorí pé kò yé mi tó, mo mú fóònù lọ bá Deok-man, torí pé òun ni olórí abúlé báyìí, ó sì ní awò ojú.

Deok-man kà á, ó fọwọ́ gbá orúnkún, ó ní haa, ó ti yé òun. Ó ní ọjà ìrẹsì ìjọba náà ni, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n wá fi rọ́pò ìrẹsì. Mo gbà á gbọ́, torí kí ló tún kù? Àká wà níbẹ̀, ayẹ̀wò wà níbẹ̀, ipò kìn-ín-ní àti ipò kejì wà níbẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìkórè. Ọkùnrin onífìlà yẹn á fi irin tíńrín gún àpò rẹ, á da hóró ìrẹsì sí àtẹ́lẹwọ́, á wò ó bí ẹni ń wo ìyàwó, á lu òǹtẹ̀ mọ́ àpò náà, ó ti parí. Àpò náà kì í ṣe tìrẹ mọ́. Bí ebi tilẹ̀ ń pa ọmọ rẹ, o ò gbọdọ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ kan níbẹ̀. O ṣáà rántí ìtàn ọkọ ìyá àgbà Bong-nyeo, tí wọ́n ká ọwọ́ wọn mọ́ inú àpò tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ mọ́, àpò tara wọn, ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn, tí ọlọ́pàá sì gbé wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ sí àgọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Deok-man bọ́ sórí sípíkà, ó wúkọ́ bó ṣe máa ń wúkọ́, ó kéde pé ìjọba ti ń gba ọ̀rọ̀ ẹnu, kí oníkálùkù tó bá ní ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ sá a gbẹ, kó fẹ́ ìyàngbò inú rẹ̀ dànù, kó gbé e wá sí gbọ̀ngàn àwọn àgbà. Eun-sol, ojú mi rí nǹkan. N kò mọ̀ pé èèyàn tí kò ní ọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyìí lábúlé wa. Àwọn kan ṣe tiwọn mọ́jú, tutù ló ṣì wà, Deok-man ní kí wọ́n gbé e padà lọ sílé. Ìyá àgbà Bong-nyeo gbé tiwọn wá, èyí tí wọ́n máa ń sọ tí káàdì bá ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ pé, “Ẹ má ka ìyẹn, eré ni mò ń ṣe.” Tak tó ń fi ọkọ̀ kiri wàrà sóyà náà gbé ìpolówó rẹ̀ wá, ìyẹn “Ó ń gbóná, kò léegun, aláìléyín ni mò ń wá o!” Deok-man fún un ní ipò kìn-ín-ní. Òun alára, ikọ́ ló ní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Ẹhẹn, ẹhẹn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” ó sì fún ara rẹ̀ ní ipò kìn-ín-ní àkànṣe. A fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, bí o ṣe rí i.

Gbogbo èèyàn wá ń bi mí pé ti bàbá Eun-sol dà. Mo ní mo ṣì ń sá a.

Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa. Ẹ̀rù ló bà mí. Tak fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, ẹgbẹ̀rún ló kù nílé rẹ̀, ó lè fi bú ọkọ̀, ó lè fi bẹ ìyàwó rẹ̀. Bàbá rẹ ńkọ́? Àpò kan ṣoṣo ló kù nínú àká tiwọn. Bí mo bá gbé e fún ìjọba tí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, kí ni bàbá rẹ á fi pè mí tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n? Mo ní àfi kí n kọ́kọ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ti gbé tiwọn sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò dáa. Tak ò polówó mọ́. Ó ní òun ò lè jí ohun ìjọba. Ó ń wakọ̀ wọ abúlé wọ́ọ́rọ́, ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó ń na ọrùn wo inú ilé pẹ̀lú ojú ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé àna, kò sì sí ẹni tó mọ̀ pé ó wà níta. Wàrà sóyà rẹ̀ kan, ajá jẹ ẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ sára pákó, ó gbé e kọ́ mọ́tò, ta ló lójú tó máa fi kà á lábúlé yìí? Ti ìyá àgbà Bong-nyeo ló burú jù. Wọn ò lè sọ pé ká má ka ìyẹn mọ́, torí náà à ń kà á, wọ́n sì ń pàdánù títí gbogbo gam gbígbẹ tí wọ́n ní fi bọ́ sílé ẹlòmíì. Wọ́n ní ọkọ àwọn ti lọ àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀kan nítorí òǹtẹ̀, ìdílé kan ò gbọdọ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Deok-man pẹ̀lú ń gbìyànjú kó má wúkọ́ lórí sípíkà, ojú rẹ̀ ń pọ́n, omi ń dà lójú rẹ̀, a ò sì mọ ohun tó kéde fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìgbà tí mo sọ fún ọ, o fi ẹ̀rín ránṣẹ́, béárì yẹn náà yí gbirigbiri nílẹ̀, inú mi ò dùn sí i. O wá ṣàlàyé pé ẹ̀dà lẹ mú, pé ó dà bí ìgbà tí èèyàn ya fọ́tò, ojú rẹ ṣì wà lójú rẹ. O tún ní ẹ̀rọ tó ń bá yín túmọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ Tak di èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé ohun tí àwọn òyìnbó á gbọ́ ni pé Tak ń wá dókítà eyín. Mo ka ìyẹn fún Tak. Ó bínú, ó ní eyín òun pé, ó wọnú ọkọ̀, ó sì fi ìbínú pariwo ìpolówó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ abúlé títí dé òkè. Ọlọ́pàá ò wá. Àwọn aláìléyín ló tú jáde pẹ̀lú abọ́. Láti ọjọ́ náà, oníkálùkù gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ìyá àgbà Bong-nyeo sì ń béèrè gam wọn láti ilé dé ilé.

Síbẹ̀, n kò gbà. O lè máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ rẹ yé mi, ṣùgbọ́n àyà mi ni kò yé. Tak pa dà rí tiẹ̀ torí pé ẹnu rẹ̀ yá. Ẹnu bàbá rẹ kì í ṣe ẹnu tí èèyàn ń fi dán nǹkan wò. Ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni àká yín sì gbà, o ní kí n má kọ ju ìlà kan lọ. Ìlà kan báwo? Tí bàbá rẹ bá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ láàárọ̀, kí n bá wọn na ẹsẹ̀ òsì ni. Tí wọ́n bá sọ ọ́ tí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, omi ni. Tí Deok-man bá ń kéde, tí wọ́n sì fi imú sọ ọ́, èébú ni, n kò ní túmọ̀ ìyẹn fún òyìnbó. Tí wọ́n bá ń wo àwòrán rẹ lára ògiri, wọn kì í parí rẹ̀ rárá, wọ́n á ní “Ìrẹsì,” wọ́n á sì dákẹ́. Inú ihò wo ni kí n kọ ìyẹn sí?

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òjò ń rọ̀. Mo gbé ìrẹsì kaná nínú ìkòkò irin, mo wá jókòó lórí ilẹ̀ yàrá tí iná ìdáná ti mú gbóná pé kí n fèsì fún ọ. Ojú ń dùn mí, n kò lè máa ṣa àwọn lẹ́tà kéékèèké yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá rántí pé o kọ́ mi pé tí mo bá tẹ ibi pupa, mo lè sọ̀rọ̀ kí fóònù gbé e wá bá ọ. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo kí ọ, mo kí béárì, mo wá ní, Eun-sol, mo ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, n kò ní fún yín ní ọ̀rọ̀ bàbá rẹ, ẹ máa lo ikọ́ Deok-man. Ẹnu mi ni mò ń pa dé tí bàbá rẹ, tí mo rò pé wọ́n ti sùn, fi sọ ọ́ lẹ́yìn mi ketekete bí ẹni tó wà nídìí máìkì, “Ìrẹsì ò tíì jóná!” Iná pupa sì ń ṣẹ́jú lórí fóònù.

Ó ti wọlé lọ! Mo gbá fóònù mú, mo gbọ̀n ọ́n, mo dojú rẹ̀ dé bóyá á dà á jáde, mo gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gbá ọmọ tí eegun ẹja há lọ́fun, mo ní kó pọ̀ ọ́, kó pọ̀ ọ́ kíá. Kò pọ̀ ọ́. Mo da kábéèjì kimchi inú àwo ńlá sílẹ̀, mo fi àwo dé fóònù mọ́lẹ̀, mo ká aṣọ òtútù bàbá rẹ lé e lórí kó má bàa rí ọ̀nà bọ́ sí Seoul. Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú sí bàbá rẹ. Mo ní, Bàbá Eun-sol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Wọn ò sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kí n mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n wò mí, wọ́n la ẹnu, wọ́n tún pa á dé.

Eun-sol, láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, kò sí ìgbà tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ tí wọn ò sọ ọ́. Mo bú sẹ́kún. Mo bú àká, mo bú ìwọ, mo bú ọ̀gá rẹ tí n kò rí rí, bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo di orúnkún bàbá rẹ mú, mo ní ọ̀rọ̀ kan péré tí Ọ̀run ṣẹ́ kù fún yín, èmi ni mo tà á. Bàbá rẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n nà án sí ọ̀nà ilé ìdáná. Mo ní ṣé omi ni? Wọ́n mi orí pé rárá. Ọrùn wọn le, ètè wọn ń gbọ̀n, wọ́n ń ti nǹkan bọ̀ láti inú bí ẹni tó ń ti àpótí ńlá gba ẹnu ọ̀nà kékeré. Ló bá jáde.

Wọ́n ní, “Ó ti jóná!”

Mo ní, ẹ̀n? Wọ́n fi ohùn olórí abúlé sọ ọ́ pé, “Ó ti jóná! Ó ti jóná!”

Imú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣí. Èéfín ti kún ilé ìdáná, ó ti ń wọ́ bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n gbà láti sọ èyí àtijọ́ nìyẹn. Ìrẹsì ti jóná, bàbá rẹ ò sì kéde irọ́ rí. Mo sáré lọ da omi sínú ìkòkò, ìkòkò ké bí ẹlẹ́dẹ̀, ìdí rẹ̀ sì lu. Deok-man rí èéfín láti ọ̀ọ́kán, ó sáré dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa iná, kò bi mí ní nǹkan kan, ó fi ọṣẹ funfun wẹ gbogbo ilé ìdáná. Ibi tí bàbá rẹ jókòó sí ni wọ́n ti ń wo gbogbo wa, èmi nínú omijé, Deok-man nínú fóòmù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tòótọ́ o, èyí tí ejìká ń bá rìn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà oko ata. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí n kò fi mọ èyí tó jẹ́ ẹkún nínú rẹ̀. A fá ìdí ìkòkò níbi tí ọṣẹ ò dé, a kó èyí tó jóná náà sínú abọ́, a da omi gbígbóná lé e, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó mu ún.

N kò lè sùn tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jókòó ti bàbá rẹ, mo ń dúró. Wọ́n la ojú, wọ́n wò mí, wọ́n sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, “Ìrẹsì ò tíì jóná.” Mo bá wọn na ẹsẹ̀ òsì. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré tiwa pàtẹ́wọ́ nígbà tó gbọ́, ó ní ọ̀nà ti ń ṣí díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, ká má dákẹ́, ká máa bá wọn sọ̀rọ̀. Ṣé a tiẹ̀ ń dákẹ́? Ọ̀rọ̀ ti di méjì lẹ́nu wọn, wọ́n sì ń ná wọn bí ọlọ́rọ̀. Wọ́n ń lò ó fún àwọn olóṣèlú orí tẹlifíṣọ̀n. Bí ìyá àgbà Bong-nyeo bá ṣí káàdì burúkú, kí wọ́n tó ní ká má ka ìyẹn, bàbá rẹ á ti ní, “Ó ti jóná.” Ìyá àgbà ní àwọn á fi ẹjọ́ bàbá rẹ sùn ọ́.

Deok-man ló ṣí àwo kúrò lórí fóònù. Ó ní ohùn bàbá rẹ wà níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí mo dé àwo lé e, ariwo bíi ti ẹni tó wà nínú àgbá nìkan ló gbọ́. Mo ti ní kó fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo gbà báyìí, ẹ fi sínú àká. Kọ orúkọ bàbá rẹ sí i pé pérépéré, Noh Pan-seok, olórí abúlé Bamgol. Níbi ìtumọ̀, kọ ọ́ pé ẹni tó sọ ọ́ ṣì wà níbẹ̀, kí ara yín balẹ̀. Kí òyìnbó fi ìyẹn ṣe bó ṣe fẹ́. Tí ọ̀gá rẹ bá fún un ní ipò kejì, má sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n ti tuntun yẹn, n kò fi ránṣẹ́, n kò sì ní jẹ́ kí Deok-man gbé fóònù wá sítòsí rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí o lè mọ̀ ni. Ohùn rẹ̀ kò sí nínú àká kankan, orí ẹní bàbá rẹ nìkan ló wà. Bí o bá fẹ́ gbọ́ ọ, o mọ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lábúlé.

Nǹkan díẹ̀ ni mo ń tọrọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra ìkòkò irin mìíràn, nítorí alágbẹ̀dẹ ní èyí kọjá àtúnṣe. Má fi ìkòkò ẹlẹ́nu kankan ránṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ti tó nínú ilé yìí. Tí owó bá ṣẹ́ kù, mo fẹ́ ra aṣọ òtútù fún bàbá rẹ, kimchi ti ba èyí tí mo ká lé fóònù jẹ́. Bí béárì bá fẹ́ bá ọ wá, kó máa bọ̀, a ó pa adìẹ.

Kí Ọ̀run ṣọ́ ọ lókè ilẹ̀ àti lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń rí oore, o ò ní máa wo ẹnu wọn. Oúnjẹ ò ní wọ́n ọ, ẹni tí ẹ ó jọ jẹ ẹ́ ò sì ní wọ́n ọ. Bàbá rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ti ń kọ èyí. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí màá fi parí lẹ́tà. Wọ́n wo àwòrán rẹ lára ògiri, wọ́n ní, “Ìrẹsì,” mo rò pé wọ́n á dákẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n lónìí wọ́n parí rẹ̀. Ìrẹsì ò tíì jóná, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má pẹ́ jù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mal-rye.